Ọmọ mi fagi lé 2 pẹ̀lú 2, tíṣà fún un ní òdo. Ta ni kí n gbà gbọ́?

Ìbéèrè (ìyá kan ní Ṣómólú)

Ẹ kú àṣálẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ mi obìnrin wà ní SS1, wọ́n sì ti wọ indisíìsì báyìí, ìṣirò nọ́ńbà tó gbé nọ́ńbà kékeré lérí. Tíṣà lẹ́sìnnì rẹ̀ sọ fún un pé tí béèsì, nọ́ńbà ńlá tó wà nísàlẹ̀, bá ti jọra lọ́tùn-ún lósì, kó fagi lé e, kó mú èyí tó kù lókè. Ó fi ṣe 2ˣ⁺¹ = 32: ó sọ 32 di 2⁵, ó fagi lé 2, ó ní x + 1 = 5, x jẹ́ 4. Ó gbà á. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fún wọn ní 2ˣ + 2³ = 2⁴ nílé ìwé. Ó tún fagi lé gbogbo 2, ó ní x + 3 = 4, x jẹ́ 1. Tíṣà ilé ìwé fa ìlà pupa sí i, ó fún un ní òdo, kò sọ ìdí. Ọmọ ń sunkún pé ohun tí wọ́n kọ́ òun náà lòun ṣe. Èmi fúnra mi ò ka ìwé jìnnà, aṣọ ni mò ń tà ní Tẹ̀júoṣó. Nínú tíṣà méjèèjì, ta ni kí n gbà gbọ́?

*

Ìdáhùn mi

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Màámi. Ẹ bá mi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ná. Orí ọmọ yín pé, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi kọ́ ọ ló ṣì í lọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká wo ìdáhùn rẹ̀. Ó ní x jẹ́ 1. Tí a bá fi 1 sípò x, 2¹ jẹ́ 2, 2³ jẹ́ 8, àpapọ̀ wọn jẹ́ 10. Apá ọ̀tún, 2⁴, jẹ́ 16. Mẹ́wàá ò lè bá mẹ́rìndínlógún dọ́gba láéláé, nítorí náà tíṣà ilé ìwé ò ṣì í máàkì. Ohun tó yẹ kí ọmọ ṣe ni kó yọ 8 kúrò lára 16, kó ku 2ˣ = 8. 8 ni 2³, x sì jẹ́ 3. Ẹ fi 3 padà síbẹ̀: 8 àti 8 jẹ́ 16. Ó délé.

Tíṣà lẹ́sìnnì náà rí ìdáhùn tó tọ́ lórí 2ˣ⁺¹ = 32, àmọ́ kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fagi lé níbẹ̀. 2 kan ṣoṣo ló wà lápá òsì pẹ̀lú páwà rẹ̀ (nọ́ńbà kékeré tó gbé lérí), 2 kan ṣoṣo ló wà lápá ọ̀tún pẹ̀lú páwà tirẹ̀, kò sí nǹkan mìíràn tó dúró tì wọ́n. Ìgbà tó bá rí bẹ́ẹ̀ nìkan la lè sọ pé: níwọ̀n bí béèsì ti jẹ́ ọ̀kan náà, dandan ni kí páwà jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ ní kó máa kọ gbólóhùn yẹn sínú iṣẹ́ rẹ̀, ní gbogbo ìgbà, kó tó fi páwà dọ́gba. Tí àmì àròpọ̀ bá wà láàárín, kò ní rí gbólóhùn náà kọ, ọwọ́ rẹ̀ á sì dúró kó tó ṣìṣe.

Òdo láìsí àlàyé, ìyẹn ò dùn mọ́ mi nínú. Ọmọ tó kọ x + 3 = 4 ti fi ibi tó ti kọsẹ̀ hàn wá kedere. Gbólóhùn kan péré ni ì bá gbé e dìde.

*

Ẹnì kan béèrè pé kí ló sọ ọ́ di dandan kí páwà jẹ́ ọ̀kan náà

Inú mi dùn pé Ṣómólú lọ̀rọ̀ yìí ti wá, torí Ṣómólú ni èmi gan-an ti mọ ìdí rẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní girama, ilé ìtẹ̀wé kan níbẹ̀ ni mo ti máa ń ṣiṣẹ́ ní ọlidé. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ṣẹ́ pépà po. Pépà ńlá á jáde lára ẹ̀rọ, tàdáwà á ṣì máa rùn lára rẹ̀. Màá tẹ́ ẹ sórí tábìlì onípákó, màá mú etí kan wá bá etí kejì, màá fi egungun pẹlẹbẹ kan tẹ ojú ìlà rẹ̀ látòkè délẹ̀ títí á fi mú bí ojú ọ̀bẹ. Ìṣẹ́po kan, ewé méjì. Ìṣẹ́po kejì, ewé mẹ́rin. Ìṣẹ́po kẹta, ewé mẹ́jọ, tó jẹ́ ojú ìwé mẹ́rìndínlógún tí a bá ka tojú-tẹ̀yìn. Ọ̀gá mi kì í ka ewé. Iye ewé ni yóò bi oníbàárà, lẹ́yìn náà yóò kọjú sí mi: "Mẹ́jọ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta."

2ˣ = 8 ni ọ̀gá mi ń yanjú yẹn, kò mú bírò dání. Kò sí bí èmi ṣe lè ṣẹ́ pépà ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ̀yin ṣẹ́ irú rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, kí iye ewé wa wá bára mu. Gbogbo ìṣẹ́po ló ń sọ ewé di ìlọ́po méjì, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń dá a padà sẹ́yìn. Tí ewé wa bá wá jẹ́ iye kan náà, iye ìgbà tí a ṣẹ́ ẹ jẹ́ iye kan náà nìyẹn. Ibi tí páwà ti ń dọ́gba nìyẹn. Kò sí 2 kankan tó pòórá.

Pépà yìí náà ló là mí lójú sí páwà tó ní àmì àyọkúrò, èyí tó máa ń dẹ́rù ba ọmọ. Tí ẹ bá ṣẹ́ ẹ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ewé kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ pépà ńlá náà: 1/8 = 2⁻³. Bẹ́ẹ̀ ni A4 tí gbogbo wa ń lò ṣe wá. A0 ni ìyá wọn, ìfẹ̀ rẹ̀ jẹ́ síkúáyà mítà kan. Tí a bá pín in sí méjì lẹ́ẹ̀mẹrin, A4 ló kù lọ́wọ́, 2⁻⁴, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún. Giráàmù 80 tí wọ́n kọ sára rímù, ti síkúáyà mítà kan ni. Ẹ pín 80 sí 16, ewé A4 kan wúwo tó giráàmù 5. Ewé 500 inú rímù jẹ́ kílò méjì ààbọ̀. Ẹni tó bá ní ìwọ̀n nílé, kó gbé e lé e.

*

Lórí àwọn tó ní "fagi lé" kò burú

Ọ̀rọ̀ ti pọ̀ nísàlẹ̀ láti àná, mo sì kà á tán. Àwọn kan ní bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn náà nìyẹn, àwọn sì yege. Àwọn kan ní kí ọmọ há gbogbo páwà sórí, látorí 2 títí dé 12. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ní Marina ní ká da ọ̀nà béèsì yìí nù, lọ́ọ̀gì (logarithm) ló ń yanjú gbogbo rẹ̀. Mo ń bọ̀ lórí tẹ̀gbọ́n.

Mo gbà pé ẹ yege. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ náà ní bó ṣe wà. Nínú ìṣirò, fífagi lé túmọ̀ sí pé a fi nọ́ńbà kan pín apá méjèèjì. Tí ẹ bá ní 2x = 2 × 5, ẹ fi 2 pín in lọ́tùn-ún lósì, x = 5, ẹ fagi lé 2 lóòótọ́. Ẹ wá gbìyànjú rẹ̀ lórí 2ˣ = 2⁵. Ẹ fi 2 pín apá méjèèjì. Ohun tó máa kù ni 2ˣ⁻¹ = 2⁴. 2 ṣì jókòó síbẹ̀. Ẹ pín in títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, 2 ò ní kúrò nílẹ̀. Ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ àti ohun tí ọwọ́ ń ṣe ò bára wọn lọ rárá, ọmọ ló sì ń jìyà rẹ̀.

Ẹ wo ibi tó ń gbé wọn lọ. 3 × 2ˣ = 48. Ọmọ á kọ 6ˣ = 48, á sì há síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, 3 yìí gan-an ló ṣeé pín: 2ˣ = 16, x = 4. Tàbí 2ˣ + 2ˣ = 64. Ọmọ á ní 4ˣ = 4³, x = 3. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: 8 àti 8 jẹ́ 16, ọ̀nà ṣì jìn sí 64. Méjì nínú 2ˣ ló wà níbẹ̀, 2 × 2ˣ, ìyẹn 2ˣ⁺¹ = 2⁶, x jẹ́ 5. 32 àti 32.

Ti híhá sórí, n kò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Ọmọ tó bá gbàgbé pé 243 jẹ́ 3⁵ kò pàdánù nǹkan kan. Kó máa fi 3 pín in: 81, 27, 9, 3, 1. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló pín in, 3⁵ nìyẹn.

*

Ibi tí máàkì ti ń jò gan-an

Ẹ ti ń jà lórí béèsì láti ìjẹta, kò sì sí ẹni tó mẹ́nu kan àkámọ́, àmì ( ) yẹn. Nínú gbogbo ọmọ tó ti jókòó níwájú mi, àkámọ́ ló ti ná wọn ní máàkì jù.

Ọmọkùnrin kan wà ní Bàrígà tí mo kọ́ ní ọdún tó fẹ́ ṣe WAEC. Ọmọ tó mọ̀wé ni. Mo fún un ní 27ˣ⁻¹ = 9ˣ⁺². Ó rí 3 lójú ẹsẹ̀. Ó kọ 3³ˣ⁻¹ = 3²ˣ⁺², ó ní 3x − 1 = 2x + 2, x = 3. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nọ́ńbà ìbéèrè tó kàn. Mo ní kó fi 3 padà síbẹ̀. 27² jẹ́ 729. 9⁵ jẹ́ 59,049. Ó wo ìwé, ó wò mí, kò mọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀.

27 ni 3³. Gbogbo páwà tó wà lórí 27 pátá ni 3 òkè yẹn gbọ́dọ̀ sọ di púpọ̀, x àti −1 pa pọ̀: 3³⁽ˣ⁻¹⁾ = 3²⁽ˣ⁺²⁾. Ó di 3x − 3 = 2x + 4, x = 7. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: 27⁶ jẹ́ 3¹⁸, 9⁹ náà jẹ́ 3¹⁸.

Ohun tí mo ṣe fún un ni pé mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, mo fún un ní pẹ́ńsù, mo ní gbogbo ìgbà tó bá ti fẹ́ pààrọ̀ béèsì, àkámọ́ ni kó kọ́kọ́ yà, kó yà á sófìfo, kó tó kọ ohunkóhun sínú rẹ̀. Oṣù kan gbáko la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Àkámọ́ ṣíṣí, àkámọ́ pípadé, lẹ́yìn náà la ó wá máa kó páwà sínú rẹ̀. Ó mọ́ ọn lára. Màámi, tí ẹ bá fẹ́ mú ohun kan péré nínú gbogbo ariwo yìí lọ sílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú àkámọ́ yìí.

*

Béèsì wo ni ká mú?

Àwọn méjì ti ń sọ̀rọ̀ sí ara wọn lórí 64ˣ = 16. Ọ̀kan ní 4 ni béèsì, èkejì ní àfi 2. Ẹ sinmi. Pẹ̀lú 4: 4³ˣ = 4², x = 2/3. Pẹ̀lú 2: 2⁶ˣ = 2⁴, x = 4/6, ìyẹn 2/3. Méjèèjì tọ̀nà. Èmi máa ń rọ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ pé kó wá èyí tó kéré jù, torí tí 4 àti 8 bá jọ wà nínú ìbéèrè, ó lè má rí 4 nínú 8, ṣùgbọ́n 2 wà nínú méjèèjì.

Ẹ ò rí i pé àwa Yorùbá ò ṣàjèjì sí kí á kó iye wá sábẹ́ béèsì kan. Ogún ni tiwa. Ogójì jẹ́ ogún méjì, ọgọ́ta jẹ́ ogún mẹ́ta, ọgọ́rin jẹ́ ogún mẹ́rin. Irínwó jẹ́ ogún lọ́nà ogún, 20². Ẹgbàárin, 8,000, jẹ́ irínwó lọ́nà ogún, 20³. Bí mo bá bi ọmọ ní 400ˣ = 8000, ẹ̀rù á bà á. Bí ìyá mi àgbà bá gbọ́ "irínwó" àti "ẹgbàárin," ogún ni yóò gbọ́ nínú méjèèjì. 20²ˣ = 20³, x = 3/2. Mo ti lò ó ní kíláàsì lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

*

Ẹ̀gbọ́n báńkì àti lọ́ọ̀gì

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, mo sì gbà pé 2ˣ = 7 ò ní gba ọ̀nà tí mò ń sọ. Kò sí béèsì kan tí ọmọ lè fi ojú rí nínú 2 àti 7. Ìwé lọ́ọ̀gì ló kù: lọ́ọ̀gì 7, 0.8451, pín sí lọ́ọ̀gì 2, 0.3010, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2.81.

Àmọ́ ẹ ní ká máa lò ó fún gbogbo rẹ̀. Ẹ wá lò ó fún 4ˣ = 8. Lọ́ọ̀gì 8 nínú ìwé jẹ́ 0.9031, lọ́ọ̀gì 4 jẹ́ 0.6021. Ẹ pín in, ẹ ó rí 1.4999. Ìdáhùn gangan ni 3/2, 2²ˣ = 2³, ìlà kan péré. Kí ló dé tí a ó fi fi ohun tó pé pérépéré sílẹ̀ lọ mú èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé?

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò nìyí. Kí ni lọ́ọ̀gì ń ṣe gan-an? Nígbà tí ìwé bá ní lọ́ọ̀gì 2 jẹ́ 0.3010, ó ń sọ fún yín pé 2 jẹ́ 10 tó gbé páwà 0.3010 lérí. 7 náà jẹ́ 10 pẹ̀lú páwà 0.8451. Nítorí náà 2ˣ = 7 ti di 10 pẹ̀lú páwà 0.3010x lápá òsì, 10 pẹ̀lú páwà 0.8451 lápá ọ̀tún. Béèsì ti di ọ̀kan náà! A fi páwà dọ́gba, a pín in, ó tán. Napier, ará Scotland tó gbé ìwé lọ́ọ̀gì àkọ́kọ́ jáde ní 1614, ò lo béèsì 10 yìí nínú ìwé náà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìyẹn fìdí múlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà lọ̀rọ̀ já sí. Ohun tí ẹ ní ká dà nù ni lọ́ọ̀gì dúró lé. Ọmọ tó bá ti fi 2 àti 3 ṣe é dáadáa, tó mọ ìdí tí páwà fi ń dọ́gba, kò ní rí lọ́ọ̀gì bí àjèjì tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọ tó fo ibẹ̀, bọ́tìnì lásán ni yóò máa tẹ̀.

*

Béèsì 1 ńkọ́?

Ìbéèrè kékeré, ó dáa. Pépà tí ẹnikẹ́ni ò ṣẹ́ po, ewé kan ni, ì báà pẹ́ lórí tábìlì fún ọdún kan. 1³ jẹ́ 1, 1⁷ náà jẹ́ 1, ṣùgbọ́n 3 àti 7 ò dọ́gba. Gbólóhùn wa ò ṣiṣẹ́ fún 1. Kò ṣiṣẹ́ fún 0. Kò sì ṣeé gbọ́kàn lé fún béèsì tó kéré sí òdo: (−1)² àti (−1)⁴ jọ jẹ́ 1. Béèsì gbọ́dọ̀ ju òdo lọ, kó má sì jẹ́ 1. Ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé.

*

Fún ọmọ SS2 tó fi 2²ˣ − 2 × 2ˣ − 8 = 0 ránṣẹ́

Má fi páwà dọ́gba níbí, àburò, àyọkúrò wà láàárín. 2²ˣ jẹ́ 2ˣ lọ́nà 2ˣ. Pe 2ˣ ní y: y² − 2y − 8 = 0, (y − 4)(y + 2) = 0. y lè jẹ́ 4, ó lè jẹ́ −2. Padà sí 2ˣ. 2ˣ = 4, x jẹ́ 2. 2ˣ = −2 ńkọ́? Bó o ṣẹ́ pépà po, bó o gé e wẹ́wẹ́, o ò lè rí ewé tó kéré sí òdo. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí ìdáhùn níbẹ̀, má kàn fò ó, torí máàkì wà lórí gbólóhùn yẹn. Yẹ̀ ẹ́ wò: 16 − 8 − 8 = 0.

*

Ìyá Ṣómólú padà wá

Màámi kọ̀wé pé ọmọ ti ṣe 27ˣ⁻¹ = 9ˣ⁺² fúnra rẹ̀ lálẹ́ àná, pẹ̀lú àkámọ́, ó gba 7, ó sì ní kí màámi jókòó ti òun kí òun yẹ̀ ẹ́ wò lójú wọn. Ẹ bá mi kí i gan-an. Wọ́n ní 0.25ˣ = 8 ló wá dá a dúró, pé kò sí 2 nínú 0.25.

Ó wà níbẹ̀, Màámi. Ẹ mú pépà kan nílé, kó ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀mejì lójú yín, kó tú u, kó ka ìdá tí ìlà pín in sí. Mẹ́rin ni. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ 1/4, òun ni 0.25, ìṣẹ́po méjì ló bí i: 2⁻². Apá òsì di 2⁻²ˣ, apá ọ̀tún di 2³. Kó kọ gbólóhùn rẹ̀: níwọ̀n bí béèsì ti jẹ́ ọ̀kan náà. −2x = 3, x = −3/2. Tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, àmì àyọkúrò á yí 1/4 padà di 4, 4 pẹ̀lú páwà 3/2 jẹ́ síkúáyà rúùtù 4, ìyẹn 2, tí a wá gbé sí páwà 3. 8 ni.

Ẹ ní kó fi ìwé tí wọ́n fún un ní òdo yẹn han tíṣà ilé ìwé, pẹ̀lú àtúnṣe lábẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí tíṣà sọ.